Àtúnṣe Láptọ́ọ̀pù Àtijọ́ Tí Ẹ̀yà Ara Rẹ̀ Ti Kọṣẹ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí ThinkPad X230

ThinkPad X230 ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nínú àwọn ìdáhùn wọ̀nyí, nítorí pé òun ni mo ti tú palẹ̀ tí mo sì ti tò padà jù lọ. Ọdún 2012 ni Lenovo gbé e jáde. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá lókè òkun lò ó fún ọdún mélòó kan, wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di tòkunbọ̀ tí a ń bá pàdé lórí àtẹ ní Computer Village ní Ìkẹjà. Púpọ̀ nínú ohun tí mo sọ nípa rẹ̀ kan àwọn láptọ́ọ̀pù ìgbà náà, yálà ti HP ni o tàbí ti Dell. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti yàtọ̀, n ó sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣé ó bọ́gbọ́n mu kí n náwó lórí láptọ́ọ̀pù tó ti lo ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ó wà lọ́wọ́ ẹ̀yà tó bàjẹ́. Lára X230, RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí), háàdì (ibi tí fáìlì ń gbé), bátìrì, kíbọ́ọ̀dù, fáànù, skríìnì àti ihò ṣájà ni a lè yọ lọ́kọ̀ọ̀kan kí a sì fi òmíràn síbẹ̀. Mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà so mọ́, nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le, nítorí pé wọ́n ti fi lẹ́ẹ̀dì, irin tí a ń yọ́ láti fi so nǹkan pọ̀, lẹ ṣíìpù ọpọlọ ẹ̀rọ náà mọ́ ọn pa, bí ọ̀kan bá sì ti lọ, èkejì bá a lọ nìyẹn. Ìlànà tí èmi ń tẹ̀ lé ni pé bí owó àtúnṣe bá ti ju ìdajì iye tí n ó fi ra irú ẹ̀rọ náà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, n kì í tún un ṣe mọ́. Mo máa ń tọ́jú òkú rẹ̀ kí n lè máa yọ ẹ̀yà lára rẹ̀ fún òmíràn.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ẹ rò mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft parí ìtìlẹ́yìn tí ó ń ṣe fún Windows 10. Windows 11 ní tirẹ̀ kò gba X230 wọlé, nítorí pé ìran kẹta nínú àwọn ṣíìpù Intel Core ni ó wà nínú rẹ̀, nígbà tí Windows 11 ń béèrè ìran kẹjọ ó kéré tán, pẹ̀lú ṣíìpù ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Windows ń ṣe, ni ẹni tó bá fẹ́ lo ẹ̀rọ yìí pẹ́ yóò fi sí i, Linux Mint sì ń rìn dáadáa lórí rẹ̀ bí RAM bá tó 8GB tí ó sì jẹ́ pé SSD, irú háàdì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ni ó wà nínú rẹ̀. Bí iṣẹ́ yín bá gbára lé ètò kan tó jẹ́ pé Windows nìkan ni ó ń gbà á, ẹ ronú lórí ìyẹn kí ẹ tó ra ẹ̀yà kankan.

N kò mọ ohun tó ń ṣe é. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má tíì mú sukudiráfà. Ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tí ẹ rí àti ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀: ṣé iná kankan tàn, ṣé fáànù yí, ṣé ó dún, ẹ̀ẹ̀melòó ni ó dún, ṣé ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó kú, ṣé ó já bọ́, ṣé omi kàn án, ṣé iná ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní àkókò náà ni? Bí ẹ̀rọ náà bá ṣì ń tàn, kódà kó jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ẹ lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn láti da àwọn fáìlì yín kọ síbòmíràn ṣáájú ohunkóhun mìíràn. Mo ti rí ẹni tó tún fáànù ṣe tán tí háàdì rẹ̀ sì kú ní ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn náà ni ẹ óò máa yọ ẹ̀yà tí a ń fura sí kúrò, tàbí kí ẹ fi èyí tí ẹ mọ̀ pé ó dára dípò rẹ̀, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má ṣe pààrọ̀ ohun méjì pọ̀, torí pé bí ẹ̀rọ náà bá gbádùn, ẹ kò ní mọ èwo nínú méjèèjì ni ó jẹ̀bi, ẹ ó sì ti san owó èyí tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí owó rẹ̀ kéré jù lọ: ṣájà, bátìrì, RAM, háàdì. Mọ́dábọ́ọ̀dù ni kí ó kẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ ẹnjiníà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ.

Irinṣẹ́ tí ẹ nílò kò pọ̀. Sukudiráfà kékeré méjì tí ẹnu wọn rí bí àgbélébùú, mítà tí a fi ń wọn iná, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kan, abọ́ tí ẹ óò máa da súkúrù sí, àti fóònù tí ẹ óò fi máa ya àwòrán ìpele kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Gígùn àwọn súkúrù náà kò dọ́gba, bí ẹ bá sì fi èyí tó gùn sí ihò èyí tó kúrú, ó lè gún mọ́dábọ́ọ̀dù. Lenovo fúnra rẹ̀ gbé ìwé ìtọ́sọ́nà nípa títú X230 sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ìpele dé ìpele, pẹ̀lú àwòrán. Ẹ wà á jáde.

Mo tẹ bọ́tìnì, kò sí ìró, kò sí iná. Ṣé ó ti kú pátápátá ni?

Kò tíì dájú. Ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnì títàn mọ́lẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá láti lé iná tó há sínú rẹ̀ jáde. Ẹ fi ṣájà nìkan padà, ẹ má fi bátìrì sí i, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ó yà mí lẹ́nu bí iye ẹ̀rọ tí wọ́n ti kéde òkú rẹ̀ tí èyí jí dìde ti pọ̀ tó. Àwọn kan nínú àwọn láptọ́ọ̀pù ìgbà yìí kì í ṣeé yọ bátìrì láti ìta, ṣùgbọ́n X230 ní ìkọ́ tí a ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bátìrì á sì yọ.

Bí kò bá jí, ẹ fi mítà wọn ẹnu ṣájà. Lára X230, ẹnu náà rí róbótó, ìta rẹ̀ tó nǹkan bí 7.9mm, abẹ́rẹ́ kékeré kan sì wà ní àárín. 20V ni ó yẹ kí ẹ rí láàárín ara inú ihò náà àti ara ìta rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àárín yẹn kọ́ ni ó ń gbé iná. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti sọ fún ẹ̀rọ bóyá ṣájà 65W ni ó dé tàbí 90W, bí ó bá sì tẹ̀ tàbí ó ṣẹ́, ẹ̀rọ lè má gba iná náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé mítà ń ka 20V. Ìdí nìyí tí ṣájà ayédèrú fi máa ń da ènìyàn láàmú.

Bí ṣájà bá dára, ẹ yọ gbogbo ohun tó ṣeé yọ: háàdì, káàdì Wi-Fi, RAM méjèèjì, kí ẹ wá fi RAM kan péré padà sí ihò kan, kí ẹ dán an wò, kí ẹ sì gbé e lọ sí ihò kejì. Ihò RAM méjèèjì lára X230 wà lábẹ́ ìdérí kan náà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ, nítorí náà iṣẹ́ yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ fi rọ́bà tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń pa ohun tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ rẹ́ ra ẹnu góòlù RAM náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ gbọn eruku rẹ̀ kúrò kí ẹ tó dá a padà.

Bí gbogbo èyí bá kùnà, ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan ti ṣọ́ọ̀tì lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, ibẹ̀ sì ni mo ti ń gbà yín níyànjú láti gbé e fún ẹni tó ní mítà, tó ní awò tí a fi ń wo ohun kékeré, tó sì lè ka àwòrán ìlà iná mọ́dábọ́ọ̀dù. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní àtẹ ni ó lè kà á.

Iná rẹ̀ ń tàn, fáànù ń yí, ṣùgbọ́n skríìnì dúdú.

Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù yín tan ojú skríìnì náà láti ẹ̀gbẹ́ nínú yàrá tó ṣókùnkùn díẹ̀. Bí ẹ bá rí òjìji àwọn àwòrán tó ń rìn nísàlẹ̀ òkùnkùn náà, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, iná tó ń tan skríìnì láti ẹ̀yìn ni ó kú. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ẹ gbé e sára skríìnì ìta tàbí tẹlifíṣọ̀n. X230 ní ihò VGA ìgbà àtijọ́ àti mini DisplayPort. Ẹ tẹ Fn pẹ̀lú F7 bí àwòrán kò bá fò lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí àwòrán bá hàn níta, skríìnì tàbí wáyà tó gba inú ìdè ìdérí kọjá ni ó ní àrùn, mọ́dábọ́ọ̀dù kò jẹ̀bi. Wáyà náà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí bí àwòrán bá máa ń wá tí ó sì máa ń lọ bí ẹ bá ti ń ṣí ìdérí tàbí tí ẹ ń pa á dé, nítorí pé ṣíṣí àti pípadé fún ọdún mẹ́wàá máa ń jẹ ẹ́.

Bí àwòrán kò bá hàn níbì kankan, ẹ fetí sílẹ̀. Bí X230 bá dún ní kúkúrú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí ó dákẹ́ díẹ̀, tí ó tún dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí ó wá fi ẹyọ kan parí i, RAM ni ó ń pè, kí ẹ sì dán RAM wò ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ mọ́dábọ́ọ̀dù. Àwọn HP kì í sábà sọ ọ́ lẹ́nu. Iná Caps Lock wọn ni ó máa ń ṣẹ́jú, iye ìgbà tí ó bá ṣẹ́jú sì yàtọ̀ láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn, nítorí náà ìwé ẹ̀rọ náà gan-an ni ẹ óò wò.

Ẹni tó bá fẹ́ fi kún RAM rẹ̀ níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti débẹ̀ yìí, DDR3 ni kí ó rà, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 204. DDR4 tí àwọn láptọ́ọ̀pù tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ń lò ní ẹsẹ̀ 260, gígé àárín rẹ̀ kò sì sí ní ojú kan náà. Kò ní wọlé, ẹ má fi agbára tì í. 8GB méjì, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 16GB, ni òpin ohun tí X230 lè gbà.

Ó ń lọ́ra gan-an, nígbà mìíràn ó sì máa ń gan. Ṣé ìṣòro hádíwíà ni ìyẹn náà?

Nínú ẹ̀rọ ọlọ́jọ́ orí yìí, háàdì ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí, n kì í sì sábà ṣàṣìṣe. Háàdì àtijọ́ ní abọ́ irin tó ń yí àti ọwọ́ kékeré tó ń ka ohun tó wà lójú rẹ̀. Gbígbọ̀n ọkọ̀, jíjá bọ́ láti orí tábìlì àti ìlọ iná lójijì ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ìró ká-ká-ká tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún tàn án ni ó túbọ̀ ń ha ara rẹ̀ jẹ.

Bí kò bá tíì máa dún, ẹ bi í léèrè. Gbogbo háàdì ní ìwé àkọsílẹ̀ ìlera kan nínú tí wọ́n ń pè ní SMART. Lórí Windows, CrystalDiskInfo yóò kà á fún yín. Lórí Linux, smartctl ni. Ìlà tí mo máa ń wò ni Reallocated Sectors, èyí tí ó ń ka iye ibi tó ti bàjẹ́ lójú abọ́ náà tí háàdì ti pa tì, tí ó sì ti fi ibòmíràn dípò rẹ̀. Bí iye náà bá jẹ́ òdo, ó dára. Bí ó bá jẹ́ díẹ̀ tí kò sì yí padà láti oṣù dé oṣù, a lè máa wò ó. Bí ó bá ń gòkè lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, háàdì náà ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, kí ẹ̀yin náà tètè kó tiyín kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá rí 2100 tàbí 2110 nígbà tí ThinkPad ń tàn, ohun tí ó ń sọ ni pé kò rí háàdì náà bá sọ̀rọ̀ tàbí kò rí i kà. Ẹ yọ ọ́, ẹ dá a padà dáadáa, nítorí pé nígbà mìíràn ó kàn tú díẹ̀ ni.

Fún kíkó fáìlì kúrò lórí háàdì tó ti ń kú, ẹ má fi ọwọ́ lásán máa dà á kọ fáìlì kan tẹ̀ lé òmíràn. Ddrescue, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí Linux, mọ ọgbọ́n rẹ̀: ó máa ń kọ́kọ́ kó gbogbo ibi tó ṣeé kà ní ìrọ̀rùn, kí ó tó padà wá máa bá àwọn ibi tó bàjẹ́ jìjàkadì. Ohun tí a fẹ́ ni kí èyí tó dára ti wà lọ́wọ́ wa kí háàdì náà tó mí èémí ìkẹyìn.

Lẹ́yìn ìyẹn, SSD ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. N kò mọ owó kan tí a lè ná lórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tí èrè rẹ̀ tó ti SSD. Ẹ̀rọ tó ń lo ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ó tó ṣílẹ̀kùn á máa ṣí i kí ẹ tó jókòó tán. Lára X230, èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 2.5 tí nínípọn rẹ̀ kò sì ju 7mm lọ ni ó ń wọlé. Ìdérí kékeré kan tí súkúrù ẹyọ kan mú ni ẹ óò ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ óò fà á jáde bí ìgbà tí ènìyàn ń fa dúrọ́ọ̀.

Kì í pẹ́ gbóná, lẹ́yìn náà á kàn pa ara rẹ̀.

Ìyẹn kì í ṣe àrùn, ààbò ni. Ṣíìpù i5-3320M tó wà nínú ọ̀pọ̀ X230 ní òpin ooru tí kò gbọdọ̀ kọjá, 105°C, bí ó bá sì ti ń sún mọ́ ọn, á dín iṣẹ́ kù, bí kò bá tún rọlẹ̀, á pa ẹ̀rọ kí ó má baà jóná. Ìbéèrè tó yẹ ni ohun tí kò jẹ́ kí ooru náà jáde.

Lọ́dọ̀ wa níbí, eruku ni, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́. Eruku ọyẹ́ kúná bí àtíkè, á gba ẹnu fáànù wọlé, á sì lẹ̀ mọ́ àwọn irin wẹ́wẹ́ tó wà ní ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde títí yóò fi dà bí aṣọ òwú. Fífẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láti ìta kì í tó, nígbà mìíràn ńṣe ni ó ń ti eruku náà wọnú sí i. Ẹ tú u, ẹ fi ìka kan di fáànù mú kí ó má yí nígbà tí ẹ bá ń fẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbá àwọn irin náà láti inú.

Nígbà tí ẹ bá ti débẹ̀, ẹ pààrọ̀ pẹ́ẹ̀sìtì tó wà láàárín ṣíìpù àti irin tó ń gba ooru lára rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ó ti gan bí amọ̀ tí oòrùn pa. Ẹ fi isopropyl, ìyẹn ọtí tí a fi ń nu ẹ̀rọ, kì í ṣe èyí tí à ń mu, nù ún kúrò lójú méjèèjì, kí ẹ wá kán tuntun tó tóbi bí hóró ìrẹsì kan sí àárín ṣíìpù. Àwọn kan máa ń dà á bí ẹni ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì. Kò tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ fún un.

Bí «Fan error» bá hàn nígbà tí ẹ tàn án, fáànù fúnra rẹ̀ ni kò yí mọ́. Ẹ má ki epo kankan bọ̀ ọ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bátìrì mi kì í lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ṣé kí n ra òmíràn, àbí wọ́n lè tún un dì?

Ẹ kọ́kọ́ wọn ohun tó kù nínú rẹ̀. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ kọ `powercfg /batteryreport`, á sì ṣe ìwé kan fún yín tí iye méjì wà nínú rẹ̀: Design Capacity, ohun tí bátìrì lè gbà nígbà tó wà ní tuntun, àti Full Charge Capacity, ohun tó lè gbà nísinsìnyí. Bí èkíní bá jẹ́ 63,000 mWh tí èkejì sì jẹ́ 21,000, ìdá kan nínú mẹ́ta ni ó kù, kò sì sí ọgbọ́n kankan tí ó lè dá a padà, bẹ́ẹ̀ ni gbígbé e sínú fìríìjì, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe máa ń sọ, kò ní ràn án lọ́wọ́.

Bí ẹ óò bá ra òmíràn fún X230, ẹ ṣọ́ra. BIOS rẹ̀, ìyẹn ètò inú ẹ̀rọ tó ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ kí Windows tó dé, máa ń yẹ bátìrì wò, bí kò bá sì dá a mọ̀, á kọ ọ́ síta pé ẹ̀rọ náà kò gba bátìrì yìí, kò sì ní fi iná sí i. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fi í sínú ẹ̀rọ yín lójú yín, kí ẹ rí i tí iye rẹ̀ ń gòkè, kí ẹ tó sanwó. Ní ti títún un dì, n kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú rẹ̀, àyàfi bí ẹni náà bá ní ẹ̀rọ tí a fi ń so ẹyọ bátìrì pọ̀ láìlo lẹ́ẹ̀dì gbígbóná, tí gbogbo ẹyọ tí ó sì fẹ́ lò bá jẹ́ irú kan náà.

Bátìrì tó bá ti wú kò ní ìbéèrè kankan mọ́. Ẹ yọ ọ́, ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó lè wọlé, ẹ má sì gbé e sùn ní iyàrá.

Ṣájà mi máa ń gba iná bí mo bá tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ihò ṣájà ti jẹ. Ìròyìn ayọ̀ ni pé lára X230, ihò náà kò sí lórí mọ́dábọ́ọ̀dù. Ó wà ní ìparí wáyà kúkúrú tirẹ̀, a ń yọ ọ́ a sì ń fi òmíràn sí i láìlo lẹ́ẹ̀dì rárá. Nínú àwọn láptọ́ọ̀pù mìíràn tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù, iṣẹ́ ẹni tó mọ lẹ́ẹ̀dì lò ni. Ẹ má máa fi ìwé tàbí okùn rọ́bà ti ṣájà náà kí ó lè dúró, torí pé ibi tí kò ti fara kàn dáadáa á máa gbóná, á sì máa tanná wẹ́wẹ́ títí yóò fi jó ike tó yí i ká.

Ọ̀rọ̀ iná wa náà kò gbọdọ̀ kọjá láìsọ. Ṣájà láptọ́ọ̀pù ń gba 100V sí 240V, nítorí náà iná tó rẹlẹ̀ kì í sábà pa á. Èyí tó ń pa á ni iná tó fò sókè lójijì nígbà tí Nẹ́pà bá mú un dé, tàbí nígbà tí jẹnẹrétọ̀ kékeré bá ń fún un ní iná tí kò dúró sójú kan. Ẹ yọ ṣájà kúrò lára ògiri bí iná bá ti lọ, ẹ dúró díẹ̀ lẹ́yìn tó bá dé kí ẹ tó dá a padà.

Mo da tíì sórí kíbọ́ọ̀dù. Wọ́n ní kí n kì í bọ inú ìrẹsì.

Ìrẹsì fún jíjẹ ni. Ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, kódà bí ẹ kò bá tíì fi iṣẹ́ yín pamọ́ sórí ẹ̀rọ, kí ẹ sì dojú ẹ̀rọ náà délẹ̀ bí àgọ́ lórí aṣọ ìnura. ThinkPad ní àwọn ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ kíbọ́ọ̀dù, wọ́n sì ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn là, ṣùgbọ́n omi lásán ni wọ́n mọ̀ ọ́n lé jáde dáadáa. Tíì tó ní ṣúgà àti mílíìkì, zóbò àti mínírà máa ń gbẹ di ohun tó ń lẹ̀, èyí á sì máa jẹ irin mọ́dábọ́ọ̀dù fún oṣù púpọ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti gbàgbé. Ó di dandan kí a tú u, kí a fi isopropyl àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ibi tí ó bá kàn, kí a sì fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ fún ọjọ́ kan sí méjì kí a tó tàn án. Kíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ kò tó nǹkan láti pààrọ̀: àwọn súkúrù tí wọ́n ya àwòrán kíbọ́ọ̀dù sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ẹ óò tú nísàlẹ̀.

Ọjọ́ àti aago rẹ̀ kì í dúró, ó sì ń kọ 0271.

Bátìrì kékeré inú mọ́dábọ́ọ̀dù ni ó ti gbẹ. CR2032 ni, 3V, ṣùgbọ́n lára ThinkPad, wáyà àti ẹnu kékeré kan wà lára rẹ̀, nítorí náà ẹ ra èyí tó ní wáyà.

Ẹnjiníà kan ní òun yóò fi afẹ́fẹ́ gbígbóná jó ṣíìpù ẹ̀rọ mi kí ó lè padà sípò.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn. Ní oṣù Keje ọdún 2008, ilé iṣẹ́ NVIDIA kéde pé òun yà 150 sí 200 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ nítorí àwọn ṣíìpù àwòrán rẹ̀ tó ń kú nínú láptọ́ọ̀pù. Ooru àti òtútù tó ń ṣe pàṣípààrọ̀ ni ó ń ya ìsopọ̀ inú ṣíìpù náà. Àwọn ènìyàn wá rí i pé bí wọ́n bá fi afẹ́fẹ́ gbígbóná lù ú, ó máa ń tàn padà, láti ìgbà yẹn ni ó ti di oògùn gbogbo-ǹ-ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù mélòó kan ni ó sábà máa ń lò, nítorí pé inú ṣíìpù ni àrùn wà, kì í ṣe lẹ́ẹ̀dì tó wà lábẹ́ rẹ̀. X230 kò tilẹ̀ ní irú ṣíìpù bẹ́ẹ̀. Àwòrán Intel tó wà nínú ọpọlọ rẹ̀ ni ó ń lò. Bí ẹnìkan bá ní òun fẹ́ jó tiyín, ẹ bi í pé èwo ni ó fẹ́ jó.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ẹnjiníà tó mọ iṣẹ́, kí n sì ra ẹ̀yà tó dára?

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo gbé ẹ̀rọ mi tí skríìnì rẹ̀ dúdú fún ẹnìkan. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ tí ó fi ní mọ́dábọ́ọ̀dù ti lọ, ó sì dárúkọ owó tí ó ju ti ẹ̀rọ náà lọ. Mo gbé e padà sílé. RAM kan ni mo yọ tí mo nù tí mo dá padà, ó sì tàn. Ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin náà má purọ́, kí ó jẹ́ pé kò yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ohun tí mo ń wò ni bí ẹni kan ṣe ń wá àrùn, kì í ṣe bí ẹnu rẹ̀ ṣe dùn tó. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á bi yín ní ìbéèrè, á mú mítà, á yọ RAM, á sì sọ ìdí tí ó fi dárúkọ ohun tí ó dárúkọ. Ẹ sọ fún un kí ó dá ẹ̀yà tó yọ padà fún yín.

Ní Òtìgbà àti àwọn àdúgbò tó yí i ká ní Ìkẹjà, ẹ mú ẹ̀yà àtijọ́ dání lọ, kí ẹ fi nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ wé èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún yín. Lára ThinkPad, nọ́ńbà tí wọ́n kọ FRU sí níwájú ni ẹ óò wò. Ẹ ṣọ́ra fún káàdì Wi-Fi: X230 kì í gbà ju àwọn tí BIOS rẹ̀ mọ̀ lọ, bí ẹ bá fi òmíràn sí i, á kọ 1802, kò sì ní tẹ̀ síwájú.

Bí ẹ bá sì ń ra odindi láptọ́ọ̀pù, ẹ wọ inú BIOS rẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á. Bí ó bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà alábòójútó tí kò mọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Lára ThinkPad, yíyọ bátìrì kékeré inú mọ́dábọ́ọ̀dù kò pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, nítorí pé inú ṣíìpù mìíràn ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, ẹ̀yin kò sì mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín.

Bí kò bá ṣeé tún ṣe mọ́, kí ni kí n fi òkú rẹ̀ ṣe?

Ẹ yọ háàdì tàbí SSD rẹ̀ kí ó tó kúrò ní ilé yín; fáìlì yín wà lórí rẹ̀, ó sì ṣeé lò bíi háàdì ìta bí ẹ bá ra àpótí kékeré oní-USB fún un. RAM, skríìnì, kíbọ́ọ̀dù àti ṣájà rẹ̀ ní olùrà. Bátìrì àti mọ́dábọ́ọ̀dù ni kí ẹ má jù sórí ààtàn tàbí kí ẹ fún àwọn tó ń sun wáyà láti yọ bàbà rẹ̀, nítorí pé èéfín wọn ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró ní jàǹbá. Láti ọdún 2011 ni Nàìjíríà ti ní òfin lórí pàǹtí ẹ̀rọ iná, NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, ni ó sì ń bójú tó o. Níbi tí kò bá sí ibùdó ìkójọ nítòsí, èmi máa ń fi táàpù bo ẹnu bátìrì, n ó sì kó o sínú agolo gbígbẹ lọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ohun tó lè gbiná, títí n ó fi rí ẹni tó ń kó o fún ilé iṣẹ́ ìtúnlò.